Ẹni Tó Gbé Ara Rẹ̀ Relé Ọkọ

Kọ̀ǹpútà náà tún dákẹ́. Mofiyìn fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó pa á, ó ní sùúrù díẹ̀, ó tún tàn án. Ojú rẹ̀ tàn yòò, ó fi orúkọ kí i bó ti máa ń kí i láràárọ̀, lẹ́yìn náà ló tún sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó ti ń sọ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́.

"N kò gbọ́ ilé."

Mofiyìn fi iwájú orí ti ògiri. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń bá adití sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó ti pa á, ó ti tàn án, ó ti fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti bú u nígbà kan tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Bí ó bá ṣeé gbé ni, ì bá ti pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ì bá gbé e rìn káàkiri orí pákó Orí-Òpó títí yóò fi gbọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n inú ògiri yàrá rẹ̀ ni àwọn ará Ilé-iṣẹ́ Ìsopọ̀ rì í mọ́ nígbà tó dàgbà tó ẹni à ń fẹ́, bí wọ́n ti ń rì í mọ́ ògiri yàrá gbogbo ọmọbìnrin ìlú náà. Ilé kan, kọ̀ǹpútà kan. Ojú kan ṣoṣo tí ìlú fi ń wo inú ilé.

Lójú fèrèsé, oòrùn ti ń fì sí apá òkun. Omi ń fọwọ́ gbá àwọn òpó tí ilé wọn dúró lé. Omi yìí ló gbé ìlú àwọn bàbá ńlá wọn mì, ó sì ń kan ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń bọ̀ wá kó ìyókù. Ní èbúté, wọ́n ń to àgbá sínú ọkọ̀ tó máa ń gbé omi mímu lọ sí Oko Afẹ́fẹ́ nígbà tí ìjì òkun bá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Oko Afẹ́fẹ́. Níbẹ̀, ní ìkọjá ibi tí ojú lè rí dé, àwọn ọ̀pá gíga ń yí apá wọn láìsinmi kí iná má bàa kú ní ìlú. Níbẹ̀ ni Akínlabí wà, tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó ń retí rẹ̀. Akínlabí tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kó tó dé ẹnu. Akínlabí tó jẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ wọn bá parí lálẹ́, kì í pa ẹ̀rọ, á kàn dákẹ́ kí àwọn méjèèjì lè jọ gbọ́ ìró afẹ́fẹ́, á wá ní kó má sùn o, afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń bọ̀ wá fẹ́ sí i létí.

Bí oòrùn bá wọ inú òkun lónìí tí wọn ò tíì fojú rojú nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbéyàwó, Akínlabí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ó jáde sí pálọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárànmí, aṣojú Ilé-iṣẹ́ Ìsopọ̀, ṣì wà níbi tó jókòó sí látọ̀sán. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ewé kò rún rárá, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sì ti gba gbogbo ilé. Ó gbé àwo oòrùn lé orúnkún, àwo gíláàsì kékeré tí ìjọba fi ń wọn ọjọ́. Wúrà máa ń kún inú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí oòrùn bá ti ń lọ ni wúrà náà ń fà sẹ́yìn. Èyí tó kù níbẹ̀ báyìí kò ju èékánná lọ.

Mofiyìn bẹ̀ ẹ́ kó tún bá òun yẹ àpótí wáìfáì wò. Ó fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì ti tún un yẹ̀ wò. Àpótí náà wà lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, èdìdì pupa ìjọba wà lára rẹ̀, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ojú ọmọ tó yó. Wáìfáì ń wọlé láti orí òpó ìlú láìsí wàhálà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tó sì tọ́ Mofiyìn dàgbà nígbà tí ìyá yẹn lọ, ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti ki àpótí náà, nítorí oríkì ìdílé ni páswọ́ọ̀dù ilé kọ̀ọ̀kan ní Orí-Òpó. Ó kì í títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní ìgbà ìkẹyìn, ó fi ti ẹṣin bàbá ńlá rẹ̀ kún un, bóyá ìyẹn ni wọ́n gbàgbé. Àpótí ní òun gbọ́, òun mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ò gbọ́ ilé.

"Màmá, kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn nínú ilé yìí," Fọlárànmí wí. "Bí ẹ̀rọ ò bá sì ṣàìsàn, tí ilé ò dáhùn, ohun tí òfin pe ìyẹn ni pé ọmọbìnrin náà kọ̀."

"Ta ló kọ̀?" Mofiyìn bi í. "Ẹ wò mí dáadáa, ọ̀gá. Ṣé mo jọ ẹni tó kọ̀?"

"Èmi ò wo ojú, àbúrò. Àwo ni mò ń wò."

Mofiyìn ti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sáré lọ sí ilé kejì, kí òun fojú ro Akínlabí nínú kọ̀ǹpútà wọn. Fọlárànmí ní kò ṣeé ṣe. Orúkọ ìdílé wà nínú wáìfáì ilé kọ̀ọ̀kan bí ilà ṣe ń wà lójú ènìyàn. Ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbéyàwó nínú wáìfáì ilé onílé, ilé onílé ló fi ara rẹ̀ fún. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọn yóò dá orúkọ Mofiyìn padà sínú ẹ̀rọ ńlá Ìsopọ̀, ẹ̀rọ yóò sì yan ẹlòmíràn fún un.

Ìyá Àgbà, tó ti ń gbọ́ gbogbo èyí pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, béèrè ẹni tí ẹ̀rọ ní lọ́kàn láti yàn.

Fọlárànmí tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ẹni tó kàn ni mí, Màmá. Ẹ̀rọ ló yàn, kì í ṣe èmi."

Mofiyìn wá mọ ìdí tí lọ́fínńdà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò lè sọ pé ènìyàn burúkú ni ọkùnrin náà; kò purọ́ fún wọn rí, kò sì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn rí. Ṣùgbọ́n ọkàn kì í ṣe àga tí ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti kàn lè jókòó lé.

Ó yí sí Ìyá Àgbà. Lálẹ́ àná, ohùn Akínlabí ṣì ń dún gan-an nínú yàrá òun. Kí ni wọ́n wá ṣe nínú ilé yìí lẹ́yìn ìyẹn? Kí ló yí padà? Ìyá Àgbà ronú. Ó ní kò sí nǹkan kan tó yí padà. Wọ́n sùn, wọ́n jí, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n parí ẹrù, wọ́n jẹun.

Mofiyìn wo òrùka bàbà tó wà ní ìka rẹ̀. Akínlabí ló fi ránṣẹ́ láti Oko Afẹ́fẹ́. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ máa ń móoru bí wáìfáì ilé ẹni bá kàn án, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè mọ̀ pé òun ti délé. Láti òwúrọ̀ tó ti há mọ́ inú yàrá ni òrùka náà ti tutù; ó sì ti rò pé ìbànújẹ́ ọkàn òun ló mú kí ìka òun tutù. Nísinsìnyí tó dúró ní àárín pálọ̀, ó gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ.

Ó rìn dé ilé ìdáná. Ó ṣì gbóná. Ó jáde sí orí pákó ìta, níbi tí àwọn obìnrin àdúgbò ti pé jọ láti wo ìfojúrojú, ó gba àárín wọn kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú. Níbẹ̀ pàápàá, òrùka ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó padà wọlé, ó gba ọ̀nà tóóró tó lọ sí yàrá rẹ̀. Bó ṣe ku díẹ̀ kó wọ yàrá, òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nígbà tó dé iwájú kọ̀ǹpútà, ó ti di yìnyín.

Nǹkan kan ló wà láàárín ibi tó gbóná àti ibi tó tutù. Ó rọra padà sí pálọ̀, ó sì wo ara ògiri tí kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹrù ìyàwó rẹ̀ ni.

Láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ ni irin ti wọ́n. Inú ìkòkò tí wọ́n fi ewé òkun tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ní Orí-Òpó ti ń se oúnjẹ, ìdí sì nìyẹn tí ẹrù ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ràn fi gbọ́dọ̀ jẹ́ irin gidi. Ìyá Àgbà ti ń ra ti Mofiyìn jọ láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀: ìkòkò onírin, abọ́ páànù, agbada, garawa, bàsíà lórí bàsíà, tí wọ́n wọnú ara wọn, tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Ó fi ìkòkò kékeré kan pàápàá sí i, ìkòkò tó ti dúdú nítorí iná àtijọ́, tó ń tini lójú láàárín àwọn tó ń dán. Mofiyìn bi í nígbà náà pé kí lèyí ń wá níbẹ̀. Ìyá Àgbà ní ìkòkò ni ìkòkò ń jẹ́. Ní ìdájí òní ni arúgbó náà tò wọ́n jọ síbẹ̀ tán, ó gbé bàsíà tó tóbi jù lọ lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó ta aṣọ funfun kọjá lára rẹ̀, ó dì í ní kókó, ó súre. Àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ìyá Ṣọlápé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dùbúlẹ̀, ní ẹrù báyìí lè dí òkun lọ́nà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, inú Mofiyìn sì dùn.

Kì í ṣe òkun ló dí lọ́nà. Ta ló máa ka iyì mọ́ ohun tó yí padà nínú ilé?

Ìyá Àgbà rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ó dìde dúró kíákíá ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó lọ.

"Má dán an wò," ó wí.

"Ìyá Àgbà, ìkòkò yín ló dí i létí."

"Ìkòkò mi? Ìkòkò tí mo fi ebi rà?"

"Òun ni. Wáìfáì ò lè la irin kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Arúgbó náà lọ dúró síwájú ẹrù, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó rán an létí ohun tí gbogbo ọmọbìnrin ìlú náà mọ̀. Bí wọ́n bá ti di ẹrù, tí wọ́n ti súre sí i, ọwọ́ àwọn ará ilé ọkọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e nílẹ̀, lọ́jọ́ tí ọkọ bá parí ọdún rẹ̀ ní Oko Afẹ́fẹ́, tí wọ́n wá mú ìyàwó. Ìyàwó tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e, ó ti gbé ara rẹ̀ relé ọkọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò sìn ín, kò sẹ́ni tí yóò súre fún un. Àwọn ará ilé Akínlabí sì wà lókè ọ̀hún, ìrìn odidi ọjọ́ kan. Kò sí bí wọ́n ṣe lè bá oòrùn díje.

"Ṣé o ti gbọ́ nípa Tinúadé?" Ìyá Àgbà wí. "Agbéra ni wọ́n ń pè é ní ìlú yìí títí ó fi kú. Wọn ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bó bá ń lọ sí èbúté, Agbéra. Bó bá ń bọ̀, Agbéra. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Mofiyìn gbé ojú sókè wò ó. "Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó fẹ́ràn rẹ̀?"

Ìyá Àgbà wo ilẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí. "Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ọkùnrin náà kò fi ẹnu kan oúnjẹ. Kò sì pẹ́ tó fi tẹ̀ lé e lọ."

Mofiyìn yí sí aṣojú Ìsopọ̀. Ó bi í bóyá òfin ní kí òun má fọwọ́ kan ẹrù òun. Fọlárànmí wo àwo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹrù, ó sì sọ òtítọ́. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Àmọ́ èmi ò ní fẹ́ kí wọ́n máa pe ìyàwó mi ní Agbéra," ó fi kún un jẹ́jẹ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Kì í ṣe ìyàwó yín ni wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀."

Ó fa àpótí ìjókòó, ó gun orí rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ṣì nà, ṣùgbọ́n kò dì í mú. Mofiyìn tú kókó aṣọ funfun, aṣọ náà sì já bọ́ lé èjìká arúgbó náà bí ìborùn. Àwọn obìnrin ìta rọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sókè, ó gbá bàsíà ńlá náà mú létí méjèèjì, ó sì gbé e.

"Agbéra ti dé o," Ìyá Ṣọlápé wí láti ìta, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu àwọn mìíràn.

Mofiyìn kò gbé bàsíà náà padà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un pè," ó wí láti orí àpótí. "Ẹ fa ohùn sí i, kó lè dé Oko Afẹ́fẹ́ kí èmi fúnra mi tó débẹ̀."

Ẹ̀rín yẹn kú. Ó sọ bàsíà kalẹ̀, ó gun òkè padà. Agbada bọ́ sílẹ̀, garawa tẹ̀ lé e, abọ́ páànù ń yí gbiri lórí pákó, wọ́n ń pariwo bí ẹni pé àwọn náà ní ẹ̀sùn. Ọwọ́ rẹ̀ bó, kò wò ó. Òrùka tó wà ní ìka rẹ̀ ló ń wò. Pẹ̀lú ìkòkò kọ̀ọ̀kan tó kúrò lára ògiri, òrùka náà ń móoru sí i. Ó tún gbé bàsíà kan, òun ló kù tó ga dé ibi tí kọ̀ǹpútà wà lódìkejì. Bó ṣe gbé e kúrò ni ohùn kan sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, ohùn tó dùn létí rẹ̀ ju ti ẹyẹ òwúrọ̀ lọ.

"Mo gbọ́ ilé."

Ó bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́. Fọlárànmí ti dìde. Ó na àwo oòrùn sí i. Kò sí wúrà kankan nínú rẹ̀ mọ́.

"Àwo ti tán, àbúrò."

"Oòrùn ni òfin dárúkọ. Kò dárúkọ àwo." Ó fi orí júwe fèrèsé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kún. "Ẹ wo òkun."

Ọkùnrin náà lọ sí ojú fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, ìyàwó yóò sì di tirẹ̀. Lójú omi, ètè oòrùn kan ṣoṣo ló ṣì pọ́n, tín-ín-rín, bí etí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sí ẹnu ilẹ̀kùn. Fọlárànmí fi àwo rẹ̀ sí àpò.

"Ó ṣì kù díẹ̀," ó wí, kò sì yíjú padà.

Mofiyìn ti wọ yàrá. Ojú Akínlabí kún ojú kọ̀ǹpútà, iyọ̀ òkun lára irun rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tó ti ń pe orúkọ kan láti òwúrọ̀ tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọn ò kí ara wọn. Kò sí àyè fún ìkíni.

"Mo rí ọ, Akínlabí. Mo gbà ọ́."

"Mo rí ọ, Mofiyìn. Mo gbà ọ́." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já lágbedeméjì orúkọ náà.

Kọ̀ǹpútà kéde pé ilé méjì ti so pọ̀. Lẹ́yìn náà ni oòrùn lọ.

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojú, bó ti máa ń ṣe, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu, ó sì dé ẹnu nígbà tó rí ohun tí ìyàwó rẹ̀ gbá mọ́ àyà.

"Bàsíà ẹrù nìyẹn lọ́wọ́ ẹ?" ó bi í. "Àbí o ti ń bọ̀ ni?"

Àwàdà ló ń ṣe. Mofiyìn mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ẹ̀yìn, ó rí àwọn ìkòkò tó fọ́n káàkiri pálọ̀, aṣọ funfun tó ti bọ́, àwọn obìnrin tó rọ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹrù tó ti kúrò nílẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ọdún wo ló tún ń dúró dè? Ní èbúté, ọkọ̀ omi mímu fọn fèrè rẹ̀ àkọ́kọ́.

"Mo ti gbéra," ó wí fún un. "Wá ibi tí o máa gbé ìkòkò sí."

Ó ń jáde nínú yàrá nígbà tó pàdé Ìyá Àgbà ní ọ̀nà tóóró yẹn. Arúgbó náà na ọwọ́, ó sì gba bàsíà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mofiyìn rò pé ó fẹ́ tò ó padà.

"Èyí ti fẹ̀ jù fún ọkọ̀ ojú omi, Àbẹ̀kẹ́," Ìyá Àgbà wí, oríkì rẹ̀ ló fi pè é. Ó gbé e ti ògiri. Ohun tó gbé lé e lọ́wọ́ dípò rẹ̀ ni ìkòkò kékeré tó dúdú yẹn, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ tí kò bá a mu. "Gbé èyí. Ti Tinúadé ni."

Mofiyìn wò ó.

"Ìyá mi ni," Ìyá Àgbà wí. "Lọ, kí ọkọ̀ yẹn má fi ọ́ sílẹ̀."

Ó ká aṣọ funfun tó wà léjìká rẹ̀ ní òṣùká, ó fi lé Mofiyìn lórí, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò náà rù ú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ṣọlápé ló kọ́kọ́ yà fún wọn.